Ìdí Ẹ̀wù Lára Ògiri

"Merle, gbé ọ̀bẹ yẹn sílẹ̀."

Ọwọ́ mi ti wà lórí itan àgbọ̀nrín tí Tobin, ọkọ ọmọ mi, pa. N kò tíì yíjú tí mo ti mọ ẹni tó sọ̀rọ̀, nítorí Arlene Dubbs nìkan ló máa ń wọ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń kun ẹran láì kan ilẹ̀kùn. Òun ni wọ́dà tó ń ṣọ́ ẹran igbó ní gbogbo àfonífojì wa, obìnrin kúkúrú kan tó ti lé díẹ̀ ní ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Ó máa ń wo èèyàn bí ẹni pé o ti jí nǹkan, tí òun kàn ń dúró kí o fẹnu ara rẹ sọ ọ́.

"Kí lo ti gé nínú ẹ̀?" ó bi mí.

"Èjìká méjèèjì àti egungun ìhà. Mo ti yọ ẹran ara wọn. Egungun ti lọ sínú àgbá."

"Àgbá náà dà?"

"Ó wà lẹ́yìn ilé. Ọkọ̀ tó ń kó egungun máa dé ní agogo mẹ́wàá."

Arlene wo aago ara ògiri. Ó ku ogún ìṣẹ́jú.

"Wọ ìbọ̀wọ́," ó ní. "A máa tú inú àgbá náà."

Kí a tó dé ìdí àgbá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé e wá. Lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ìjọba ṣí igbó fún ọdẹ àgbọ̀nrín, wọ́n bá Clair Hostetter nílẹ̀ nínú yìnyín, ọta ìbọn ìléwọ́ kan ṣoṣo ní àyà rẹ̀. Aṣọ olómi ọsàn tí òfin ní kí gbogbo ọdẹ wọ wà lọ́rùn rẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tó lè sọ pé ẹran ni òun pè é. Ogójì ọdún ni Clair fi jẹ́ olórí ilé ọdẹ tó wà lókè odò. Àṣà ilé náà ni pé ìbọn ìléwọ́ nìkan ni wọ́n ń gbé wọ igbó lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí o bá gbé ìbọn gígùn wá, inú ọkọ̀ rẹ ni wàá sùn.

Mẹ́rin ni wọ́n lọ́dún yìí. Clair fúnra rẹ̀. Bàbá Ardell Moyer, ẹni ọgọ́rin ọdún. Galen Yeagley, tó jẹ́ pé mímú àwọn àlejò ọlọ́rọ̀ wọ igbó lọ pa ẹran ló fi ń jẹun. Ẹnì kẹrin ni Tobin tèmi, ọmọ ìlú ńlá Pittsburgh, tí kò tíì pa ju eku ilé lọ láyé rẹ̀. Èmi ni mo bẹ Clair kó gbà á sáàárín wọn.

Irú ìbọn ìléwọ́ kan náà ni gbogbo wọn gbé, èyí tí wọ́n ń pè ní fọ́tì-fọ́ọ̀, tó ń gba ọta mẹ́fà. Ọta inú wọn ni kò jọra, ibẹ̀ sì ni ẹjọ́ dúró sí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́ fáwọn tó ń wá bi mí léèrè lọ́dọọdún. Ìbọn ìléwọ́ kò lágbára tó ìbọn gígùn, nítorí náà ọta tí o bá kì sínú rẹ̀ ló máa ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ọta kan wà tó fúyẹ́, tí wọ́n fi bàbà bò, tó ní ihò lẹ́nu. Bó bá ti kan ara, á là bí gúgúrú, á sì dúró síbẹ̀. Nítorí olè inú ilé ni wọ́n ṣe é, kó má baà gba ara olè kọjá lọ bá ọmọ aládùúgbò. Fi yìn àgbọ̀nrín lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká, orí egungun ló máa fọ́ sí. Ẹran á sá lọ, á lọ kú síbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Ọta kejì ni òjé líle, tó wúwo, tó lórí pẹlẹbẹ, irú èyí tí Clair ń fọwọ́ ara rẹ̀ dà nínú gáréèjì fún gbogbo ilé ọdẹ. Kì í là, kì í fọ́. Á wọlé níhìn-ín, á jáde lọ́hùn-ún, ihò kan náà. O lè jẹ ẹran títí dé etí ihò rẹ̀.

Tobin kò bi mí léèrè. Ó lọ ra ọta olè ní ìlú ńlá, ó gbé e dé ilé ọdẹ, Clair sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ó ń pè é ní Ọlọ́dẹ Orí Òrùlé, bí ẹni tó fẹ́ ṣọ́ olè dípò kó pa ẹran. Ojú Tobin pọ́n, ó sì bínú jáde. Lọ́jọ́ kejì, ọta oníhò lẹ́nu ni dókítà yọ ní àyà Clair.

Ìdí nìyí tí Sájẹ́ǹtì Kevin Bortz, ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ tó mú ẹjọ́ náà, fi mú Tobin nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé. Adájọ́ máa rí i ní agogo méjì ọ̀sán òní. Bí wọ́n bá kọ ìpànìyàn sí i lọ́rùn, kò ní rí ìta títí Noreen ọmọ mi á fi bímọ, oyún rẹ̀ sì ti pé oṣù méje. Wọ́n ti kó ìbọn gbogbo wọn lọ fún àyẹ̀wò ní olú ìlú, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lèsì ń gbà kó tó dé.

Èmi náà gbà pé ó ṣe é. Mo ní láti sọ ọ́ báyìí, kí ẹ má baà rò pé èèyàn dáadáa kan ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Nígbà tí Noreen sunkún sí mi létí lórí fóònù, ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé mo ti mọ̀ láti ọjọ́ ìgbéyàwó pé inú ọkùnrin yìí ń yára gbóná. N kò lọ wò ó ní àgọ́ ọlọ́pàá. Mo jí lówùúrọ̀, mo sì mú ọ̀bẹ sí ẹran rẹ̀ bí ẹni tó ń gé ọ̀tá.

*

Egungun tó lé ní ọgbọ̀n àgbọ̀nrín ló wà nínú àgbá náà, ṣùgbọ́n ti Tobin nìkan ni mo tíì gé láàárọ̀ yìí, òkè pátápátá ló wà. Mo fa egungun èjìká ọ̀tún jáde. Arlene gbà á, ó fi yìnyín nù ún, ó gbé e sókè sí oòrùn.

Ihò kan wà láàárín rẹ̀, ó rí roboto.

"Mú ti òsì wá," ó ní.

Mo mú ti òsì wá. Ihò kan náà. Ìka ọwọ́ Arlene gba inú méjèèjì, díẹ̀ ló sì kù kí ó há.

"Ẹran tó bàjẹ́ yí ihò yìí ká, báwo ló ṣe pọ̀ tó?"

Mo ronú. Mo rí ọwọ́ ara mi lójú ọkàn, bí ó ṣe ń gé. "Ẹ̀kúnwọ́ kan. Kò tó bẹ́ẹ̀ gan-an."

"Ọdún mélòó lo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, Merle?"

"Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n."

"Ọta olè wo ló ń gba egungun èjìká méjì kọjá láì là?"

Ọwọ́ mi ti rí i láti agogo méje àárọ̀, ọkàn mi ni kò jẹ́ kí n mọ ohun tí mo rí. Ojú tì mí débi pé n kò lè wò ó.

"Ohun tí Tobin sọ fún Bortz rèé," Arlene ní. "Ó ní nídìí oúnjẹ àárọ̀ lọ́jọ́ Ajé, Clair ní kó mú ìbọn rẹ̀ wá. Ó tú ọta mẹ́fà tó wà nínú ẹ̀ dà sínú ife kọfí kan lójú fèrèsé, ó sì fún un ní òjé mẹ́fà tirẹ̀. Ó ní Galen wà níbẹ̀, tó ń wò wọ́n, Bàbá Ardell sì ti lọ wọ bàtà níta. Nígbà tó pa ẹran tán, ó dá márùn-ún tó kù padà sínú páálí Clair, torí ohun tí wọ́n yá ni. Bortz bi Galen. Galen lóun ò rí nǹkan kan. Wọ́n wo ife kọfí náà, ó ṣófo. Bortz bú sẹ́rìn-ín. Ìwọ náà rẹ́rìn-ín?"

"Mi ò rẹ́rìn-ín."

"Àmọ́ o ò gbà á gbọ́."

Mo bá egungun sọ̀rọ̀ dípò òun. "Mi ò gbà á gbọ́."

Ó fi aṣọ wé egungun méjèèjì. "Wọkọ̀. O mọ ilé yẹn ju Bortz lọ. Mo fẹ́ kí o máa wò ó fún mi."

*

Sájẹ́ǹtì Bortz ti ń dúró dè wá ní ilé ọdẹ, nítorí Arlene ti pè é. Kò tíì ju ẹni ogójì ọdún lọ, bàtà rẹ̀ sì mọ́ ju ibi tó dúró sí lọ. Ó wo egungun náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Màmá, mo gbọ́ o," ó ní fún Arlene. "Ọta òjé ló fi pa ẹran. Kí ló ní kó má ki òjé mẹ́ta àti oníhò mẹ́ta papọ̀? Ihò mẹ́fà ló wà nínú ìbọn yẹn."

"Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀," Arlene dá a lóhùn.

"Ẹ ò rí i?"

"Ṣùgbọ́n òjé yẹn, ọwọ́ Clair nìkan ló ti lè rí i. Clair fún un lọ́ta lóòótọ́, nídìí tábìlì yẹn. Galen sì lóun ò rí i. Yàrá ìdáná yìí ò gbà ju èèyàn mẹ́ta lọ, Kevin. Níbo ló kọjú sí?"

Bortz yọ ìwé kékeré rẹ̀ jáde.

Bàbá Ardell ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ó jókòó sídìí sítóòfù, ó fi ọ̀pá rẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀. Bortz ti ń fura sí òun náà, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Gbogbo àfonífojì ló mọ̀ pé òun àti Clair ti ń bá ara wọn jà láti ọdún tó kọjá nípa ègùn tó wà lẹ́bàá ìsun omi, ìyẹn àga tí ọdẹ kàn mọ́ orí igi láti máa dúró de ẹran. Clair gbà á lọ́wọ́ bàbá náà, ó fún Galen. Ẹ̀jẹ̀ sì wà lápá ẹ̀wù bàbá lánàá.

"Ẹ̀jẹ̀ ta ni, Bàbá?" Arlene bi í.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ gbé orí Clair sókè nígbà tá a rí i. Ẹ̀jẹ̀ ta ni ìwọ rò pé ó jẹ́?"

"Wọ́n ní inú bí yín nítorí ègùn."

"Inú bí mi. Inú ṣì ń bí mi. Ó ti kú, inú ṣì ń bí mi sí i."

"Ẹ yìnbọn lánàá?"

Mo rí i tí ó wo èmi, tí ó wo Bortz, bí ẹni tí wọ́n ní kó bọ́ ṣòkòtò ní gbangba.

"Merle," ó ní, "bí o bá sọ èyí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ, màá fi ọ̀pá yìí là ọ́ lórí." Ó yíjú sí Arlene. "Ọmọ mi, mi ò ki ọta sínú ìbọn yẹn láti ọdún mẹ́ta. Ojú mi ti lọ. Mo lè pa èèyàn. Mo kàn máa ń lọ jókòó ni. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á ní kí n dúró sílé."

Bortz ṣí ìwé rẹ̀. Lójú ewé tí wọ́n kọ nípa ìbọn bàbá, ẹnì kan ti kọ ọ́ sílẹ̀ lánàá pé okùn aláǹtakùn wà nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ ní ìtumọ̀ rẹ̀. Ó pa ìwé dé jẹ́jẹ́.

"Ìdí nìyẹn tí Clair fi gba ègùn náà?" Arlene bi í.

"Ó ní kí n má bàa já bọ́ lórí igi. Kò sọ fẹ́nì kankan." Omi bọ́ lójú bàbá. "Aláìníláárí."

"Bàbá, kí lẹ gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, níbi tẹ́ ẹ jókòó sí?"

"Ìbọn ń dún káàkiri, o mọ bó ṣe máa ń rí. Ṣùgbọ́n ọ̀kan sún mọ́ mi, ó wá láti ìhà ọ̀dọ̀ Galen. Kò tíì tó agogo mẹ́jọ. Nígbà tá a pàdé níbi oúnjẹ ọ̀sán ni mo bi í pé kí ló pa. Ó ní òun tàsé ni."

"Ta ló kẹ́yìn nínú ilé lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀?"

"Galen. Ó ní kí á máa lọ, òun á fọ abọ́." Bàbá ronú díẹ̀. "Ọkùnrin yẹn ò fọ abọ́ rí láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n."

*

Nígbà tí Bortz jáde lọ pe Galen wá láti inú ọkọ̀ rẹ̀, mo dúró síwájú ògiri. Ẹni tó bá wọ ilé ọdẹ Clair Hostetter kò lè má wo ògiri yẹn. Ìdí ẹ̀wù tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló wà níbẹ̀, òmíràn pupa, òmíràn aláwọ̀ ewé, òmíràn ti ràn títí tó fi dà bí eérú. Bí o bá yìnbọn sí àgbọ̀nrín tí o tàsé, wọ́n á dì ọ́ mú, olórí ilé á fi ọ̀bẹ gé ìdí ẹ̀wù rẹ, á kọ orúkọ rẹ àti ọjọ́ sí i, á kàn án mọ́ ògiri. Mẹ́ta lára wọn jẹ́ tèmi. Èyí tó gbẹ̀yìn, ẹ̀wù tí Noreen rà fún mi ni, ọjọ́ kan péré ni mo sì fi wọ̀ ọ́.

Mo rí tuntun kan níbẹ̀, pupa àti dúdú, ìṣó rẹ̀ ṣì ń dán. G. Yeagley. Ọjọ́ àná. Inú mi bà jẹ́ o, síbẹ̀ ẹ̀rín pa mí.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?" Arlene bi mí.

"Galen. Ọ̀gá tó ń kọ́ àwọn àlejò. Wọ́n ti gé tiẹ̀."

"Ìgbà wo?"

"Ṣé Bàbá Ardell ò ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ni? Ó tàsé láàárọ̀ àná."

"Mo mọ ìgbà tó tàsé. Mo ní ìgbà wo ni wọ́n gé e?"

Arlene ti sún mọ́ ògiri. Kò fọwọ́ kan aṣọ náà. Ó kàn ń wò ó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi eyín jẹ ètè rẹ̀, èyí tí mo mọ̀ pé ó máa ń ṣe kí ó tó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọdẹ.

*

Galen Yeagley wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín. Ọkùnrin gíga ni, ó rẹwà, àwọn àlejò fẹ́ràn rẹ̀. Ó kí gbogbo wa, ó bá mi kẹ́dùn nítorí Noreen, ó sì fọwọ́ kàn mí léjìká. Lọ́jọ́ Ajé gan-an ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó ń tọ́jú Tobin nínú igbó.

"Galen," Arlene ní, "o yìnbọn lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀ àná."

"Ẹ̀ẹ̀kan. Akọ ńlá kan, lẹ́bàá ìsun. Mo tàsé. Ó ti wà nínú ìwé Sájẹ́ǹtì."

"Irú ọta wo?"

"Òjé. Ti Clair. Ṣé mo jọ ẹni tó ń fi ọta olè ṣọdẹ ni?"

"Tobin ní o wà nídìí tábìlì nígbà tí Clair pààrọ̀ ọta fún òun."

"Ẹ má bínú, Merle, àmọ́ ọmọ yẹn ń parọ́. Mi ò rí nǹkan kan."

Arlene tú aṣọ, ó gbé egungun èjìká méjèèjì sórí tábìlì. Galen wò wọ́n. Ọdẹ ni, kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé fún un. Ẹ̀rín ẹnu rẹ̀ dúró níbi tó wà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti kúrò nínú rẹ̀.

"Bóyá mò ń po kọfí," ó ní. "Bóyá mo kọ ẹ̀yìn sí wọn."

"Ó ṣeé ṣe. Jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Mo fẹ́ bi ọ́ nípa ìdí ẹ̀wù yẹn."

Ó jọ pé ara tù ú. "Ìyẹn kẹ̀? Mo tàsé, mo sì sanwó ẹ̀ bí gbogbo èèyàn."

"Ta ló gé e?"

Mo rí i tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀, tí ó sì gbé e mì. Bí ó bá ní Clair ni, irọ́ ni, nítorí dókítà ti sọ pé Clair ti kú kí agogo mẹ́sàn-án tó lù.

"Èmi fúnra mi."

"Nígbà wo?"

"Níbi oúnjẹ ọ̀sán."

Ọ̀pá Bàbá Ardell lu ilẹ̀. "Ìwọ lo gé e fúnra ẹ? Mo dojú kọ ọbẹ̀, mo gbọ́ òòlù, mo yíjú, mo rí aṣọ lára ògiri. Mo ṣe bí Clair ti wọlé, ó ti jáde ni."

"Mo kàn fẹ́ ṣe ohun tó tọ́, Bàbá."

"Tó tọ́ kẹ̀?" Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì dùn ún gbọ́. "Ọdún tí o tàsé kẹ́yìn, orí ilé ìyàgbẹ́ la ti bá ọ. Wákàtí kan gbáko lo fi wà lórí òrùlé nínú yìnyín. Clair dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ, ó ń kọrin. Kò sí ọkùnrin kan tí kò sá lára gbogbo àwọn tó wà lára ògiri yìí. Ẹni tó ṣe ohun tẹ́nìkan ò ṣe rí, Galen, ojú ẹ̀ á rí ohun tẹ́nìkan ò rí rí."

"Jẹ́ kí n wò ó bóyá ó yé mi," Arlene ní. Ohùn rẹ̀ tutù. "Bàbá gbọ́ ìbọn rẹ. Ó bi ọ́, o sì nílò ìdáhùn. O ní o tàsé. O wá rò pé bí aṣọ bá wà lára ògiri, kò sẹ́ni tó máa tún bi ọ́ léèrè mọ́, torí ta ló máa fi irú ìtìjú bẹ́ẹ̀ parọ́ mọ́ ara rẹ̀? Ó dára. Ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n agogo méjìlá ni. Olórí ilé ò tíì dé. Gbogbo èèyàn ń retí ẹ̀ kó wá jẹun. Ọ̀bẹ yẹn, òun nìkan ló ń mú un. Kí ló dé tí o ò dúró dè é, Galen?"

Galen wo ìdí ẹ̀wù náà.

"Nínú èèyàn mẹ́ta tó wà nídìí oúnjẹ yẹn, ìwọ nìkan lo mọ̀ pé kò ní í dé."

Bortz ti rìn lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un.

"Kí ni màá pa Clair fún?" Galen ní. Ohùn rẹ̀ ti kéré.

"Clair pè mí lọ́jọ́ Àìkú. Ó ní kí n wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òun fẹ́ fi àgbàdo kan hàn mí, èyí tí ẹnì kan dà sínú igbó láti fi tan ẹran. Kò dárúkọ ẹni náà. Ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀, kó lè wá jẹ́wọ́ fúnra ẹ̀. Mo ti wọ igbó kílẹ̀ tó mọ́ láàárọ̀ yìí. Abẹ́ ègùn ẹ ni. Àpò méjì, ó kéré tán."

Gbogbo wa mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ẹni tó bá fi àgbàdo tan àgbọ̀nrín, wọ́n á gba ìwé àṣẹ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bó bá jẹ́ èmi ni, màá máa kun ẹran mi lọ. Galen ní tirẹ̀, kò ní iṣẹ́ mìíràn, kò sì ní orúkọ mìíràn.

"Ó ní kí n sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn," Galen ní. "Nídìí oúnjẹ alẹ́. Níwájú ọmọ Pittsburgh yẹn. Mo bẹ̀ ẹ́. Ogún ọdún tí mo ti wà níbí, mo bẹ̀ ẹ́." Ó fọwọ́ bojú. "Ife kọfí yẹn kàn wà lójú fèrèsé ni, mo bá kó ọta inú ẹ̀."

"Márùn-ún tó kù dà?"

"Inú ìsun."

Ibẹ̀ gan-an ni àwọn ọlọ́pàá ti bá wọn lọ́sàn-án náà, márùn-ún, wọ́n ń dán nísàlẹ̀ omi. Ṣùgbọ́n kí Bortz tó fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́, Bàbá Ardell dìde. Ó fi ọ̀pá wá ọ̀nà dé ìdí ògiri, ó fọwọ́ wá aṣọ náà nítorí kò rí i dáadáa, ó fi ẹ̀yìn òòlù fa ìṣó rẹ̀ yọ. Ó ju aṣọ náà sí ẹsẹ̀ Galen.

"Mú un dání," ó ní. "Ìwọ ò tàsé."

*

Agogo kan ààbọ̀ ni Bortz bá adájọ́ sọ̀rọ̀, wọ́n sì tú Tobin sílẹ̀ kó tó di mẹ́rin. Èmi ni mo lọ gbé e. Kò bi mí pé kí ló dé tí n kò wá láti àná. Ó bi mí bóyá Noreen ti jẹun. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Èmi kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kankan kí n tó dá a.

A sin Clair lọ́jọ́ Sátidé. Lẹ́yìn ìsìnkú, gbogbo àwọn ọdẹ àfonífojì kóra jọ sí ilé ọdẹ rẹ̀, a jẹ ọbẹ̀ ẹran àgbọ̀nrín Tobin, wọ́n sì fi ọ̀bẹ náà lé Bàbá Ardell lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí olórí tuntun. Bàbá dìde, ó bi ìbéèrè tí Clair máa ń bi wa lọ́dọọdún.

"Ta ló tàsé lọ́dún yìí?"

Mo gbé abọ́ mi sílẹ̀, mo sì dìde.

"Èmi ni."

"Ìwọ ò wọ igbó lọ́dún yìí, Merle," Bàbá ní. "Ojú mi ló lọ, kì í ṣe orí mi."

"Mo yìn ín láti ṣọ́ọ̀bù," mo ní. "Ọkọ ọmọ mi ni mo yìn ín sí."

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Tobin ń wo ilẹ̀. Bàbá Ardell wá mi kàn pẹ̀lú ọ̀pá, ó yí mi padà, ó fa ẹ̀wù mi jáde nínú ṣòkòtò. Nítorí ojú rẹ̀, ó gé e dé àárín ẹ̀yìn, atẹ́gùn tútù sì fẹ́ sí mi lára. Ó na aṣọ náà síwájú.

"Pittsburgh," ó ní, "wá kàn án."

Mo gbọ́ tí Tobin dìde. Mo gbọ́ tí ó wá òòlù. Ó lu ìṣó náà lẹ́ẹ̀mẹrin, kò yára, mo sì dúró jẹ́ẹ́ níbi tí mo wà títí ó fi parí rẹ̀. N kò sá.